Ike Funfun Tí Wọ́n Rì Sẹ́yìn Balùwẹ̀

Àwo ògì ló kọ́kọ́ fò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí Nourath kọjá, ó fọ́ mọ́ ara ògiri, ògì gbígbóná sì ń ṣàn wálẹ̀ lórí àwòrán ìgbéyàwó òun àti ọkọ rẹ̀, bí omijé tó ti pẹ́ lójú kó tó jábọ́. Ògúnṣínà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló ju àwo náà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Ó ní àbúrò òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ó ní ọjọ́ kẹwàá rèé tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ọjọ́ kẹrin tó ti padà sí Pobè, ògì ni láàárọ̀, ògì ni lọ́sàn-án, omi ẹja ni lálẹ́. Ó ní bí obìnrin ará Sakété yìí bá fẹ́ pa á, kó mú ọ̀bẹ, kó yéé fi ṣíbí pa á.

Fabrice tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà wà lórí ẹní, ó fi ìrọ̀rí ti ẹ̀gbẹ́. Ọkùnrin tó máa ń gbé àpò sìmá léjìká ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Onigbolo bí ẹni gbé ọmọ rẹ̀ ṣeré, ojú rẹ̀ ti wọnú, apá rẹ̀ ti tín-ín-rín. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ.

Nourath ti kúnlẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù àwo sínú etí ìborùn rẹ̀. Ìka rẹ̀ kan ti ya, kò sì wò ó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìfun rẹ̀ ni wọ́n gé. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n so ojú méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú ibẹ̀ jinná, èmi fúnra mi ni n óò ro òkà fún un."

"Ta ló rí i nígbà tí wọ́n gé e?" ni Ògúnṣínà bi í.

Nourath gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Fabrice rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn méjèèjì nìkan, irú èyí tó máa ń rín sí i láti orí ọkọ̀ akẹ́rù nírọ̀lẹ́ tí eruku sìmá bá bo ojú rẹ̀ tán tó ku eyín. Ẹ̀rín yẹn ni Nourath dì mú tó fi dìde.

Ìyá Ògúnṣínà àti Fabrice, Ọ̀ṣuntóyìn, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀bẹ rẹ̀ kò dúró.

Ìró àwo tó fọ́ ti mú Berthe aládùúgbò wọn dé. Ẹ̀gbẹ́ ògiri wọn níbẹ̀ ni Berthe ti ń yan gàrí. Kì í jẹ́ kí gàrí jóná mọ́ òun lọ́wọ́, àfi bí ìjà bá wà ládùúgbò. Pacôme ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e wọlé, ọkùnrin pẹ́lẹ́ kan tí àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún lọ́dún méjì sẹ́yìn nítorí irú àìsàn kan náà, jẹjẹrẹ inú ìfun. Bí Ògúnṣínà ti rí i, ó fà á lọ́wọ́ wá sí àárín yàrá bí ẹni fa ẹlẹ́rìí, ó ní kó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè. Pacôme kò fẹ́, àmọ́ Berthe ti bá a ká a. Àpá náà bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ igbá àyà, ó yẹ ìdodo sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wọnú ṣòkòtò, ojú ìránṣọ rẹ̀ sì tò lọ́tùn-ún lósì gbọọrọ, àfi bí ojú irin àtijọ́ tó ti Àjàṣẹ́ wá dé Pobè.

Lẹ́yìn náà ni Ògúnṣínà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fa ẹ̀wù Fabrice náà sókè. Ihò mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó tóbi ju èékánná lọ, àti ìlà kan lábẹ́ ìdodo tí kò gùn ju ìka lọ.

"Ẹ wò ó," ló wí. "Kòkòrò ló lu àbúrò mi bí ẹni lu àgbàdo. Níbo ni gbòǹgbò àìsàn náà gbà jáde?"

Berthe pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹni tó yọjú lójú fèrèsé kì í kó ẹrù inú ilé. Ó ní ti ọkọ òun, bí àpótí ni wọ́n ṣí i, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n kó síta tí wọ́n sì tún tò padà, odindi oṣù kan ni kò fi lè wúkọ́. Ìyẹn ni iṣẹ́. Èyí tó jẹ́ pé ọjọ́ kẹta ni aláìsàn ti ń rìn lọ sí balùwẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní ta ló mọ ohun tí wọ́n ṣe.

Fabrice fẹ́ fa ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù. Nourath bọ́ sí àárín wọn. Ògúnṣínà fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í, orí rẹ̀ kan àwòrán ìgbéyàwó tó wà lára ògiri, dígí rẹ̀ sán, ó sì dà sí i léjìká.

"Ẹ dúró ná." Pacôme ló sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, bóyá ìyẹn ló mú kí gbogbo wọn gbọ́ ọ. "Ẹ̀gbọ́n Ògúnṣínà, ojú ọgbẹ́ kọ́ ló gbà mí. Kíkà ni. Wọ́n gbé èyí tí wọ́n gé lára mi lọ sí lábò, ilé àyẹ̀wò tó wà ní Kútọnu, wọ́n tú ọ̀rá ara rẹ̀ wò, wọ́n sì ka àwọn kókó kéékèèké tó wà níbẹ̀. Mẹ́rìnlá ni. Àìsàn ti dé inú mẹ́ta. Torí mẹ́ta yẹn ni mo ṣe gba omi òògùn fún oṣù mẹ́fà. Ká ní wọn ò kà á ni, ǹ bá ti kú."

Ó rọra ju ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bi Fabrice pé mélòó ni wọ́n kà nínú tirẹ̀.

Fabrice wo ìyàwó rẹ̀. Nourath wo Ògúnṣínà. Ògúnṣínà ni wọ́n gbé ike tí ìfun tí wọ́n gé wà nínú rẹ̀ lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Nourath ló kọ́kọ́ na ọwọ́ méjèèjì nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé e jáde, ike funfun kan tí wọ́n dé pa, tí orúkọ ọkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá, ó ní ọkùnrin ilé dà, ó sì sọ gbólóhùn mẹ́ta ní Faransé fún ẹni tí Faransé rẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Nourath ló túmọ̀ rẹ̀ pé Kútọnu ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nígbà tí Ògúnṣínà padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ní òun ti jíṣẹ́. Ìyàwó wo ló wá tó bi ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ léèrè lẹ́ẹ̀mejì?

"Wọn ò tíì dáhùn," ni Ògúnṣínà wí.

Bó ṣe wí i tán ni pọ́táábù Nourath dún.

Dókítà Léonce ni, ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ògì àti ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ Nourath, kò lè gbé e mọ́ etí, ó tẹ̀ ẹ́ kí ohùn máa jáde síta, gbogbo ilé sì gbọ́. Yorùbá Kétu ni dókítà náà ń sọ, ó ń fà á bí orin. Ó kí wọn, ó béèrè ara aláìsàn, lẹ́yìn náà ó béèrè ike. Ó ní òun ti dúró de èsì títí, ni òun bá pe lábò láàárọ̀ yìí. Wọ́n tú ìwé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, wọn ò rí orúkọ Fabrice. Kò sí ike kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ọ̀bẹ Ọ̀ṣuntóyìn dúró lára ẹ̀gẹ́.

Fabrice ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ òun. Kò béèrè ike. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun sọ pé ihò tí dókítà lu kéré jù, pé ó dá òun lójú pé wọn ò kó o tán. Dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ìbéèrè àgbẹ̀ nìyẹn, ọmọ àgbẹ̀ sì ni òun náà. Ó ní àwọn kókó yẹn so mọ́ ìdí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ìfun, bí èèpà ṣe ń so mọ́ gbòǹgbò. Yálà ènìyàn la inú gbọọrọ, yálà ó ki kámẹ́rà àti irin tín-ín-rín bọ ojú ihò, iṣan kan náà ni yóò tọ̀ dé ìdí, ìdí yẹn ni yóò ti gé e, kókó yóò sì bá a jáde.

"Ẹni tó fa èèpà kì í fi bí ilẹ̀ ṣe ya tó mọ̀ pé òun kórè," ló wí. "Ó máa ka èso ni. Ó kéré tán, kí wọ́n rí méjìlá. Bí wọn ò bá kà á, èmi tí mo gé e pàápàá ò mọ̀ bóyá mo gé e tán."

Ó ní bí àìsàn bá wà nínú kókó kan péré, òògùn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láìpẹ́. Bí kò bá sí, òògùn yẹn yóò kàn máa jẹ ara ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní bí ike náà bá wà níbì kankan, tí wọn ò ṣí i, tí omi fọ́móòlù tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́ ṣì bo ohun tó wà nínú rẹ̀, kó dé Kútọnu lónìí. Jímọ̀ nìyí, lábò kì í ṣí lọ́la, ọjọ́ mẹ́wàá sì ti pọ̀ jù ná.

Nígbà tí ohùn dókítà kú, a lè gbọ́ ògì tó ń kán láti ara àwòrán.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Fabrice wí, "níbo lẹ gbé mi sí?"

Ògúnṣínà bọ́ síta, ó yọ àdá tó fi há abẹ́ òrùlé, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nourath lọ kúnlẹ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó ń pè é ní Ìyá, Ìyá, Ìyá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀ṣuntóyìn wà lọ́jà yẹn láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó sì ń bó ẹ̀gẹ́. Ojú rẹ̀ ló kàn kúrò lára ọmọ-ẹ̀gẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó gba orí ìkòkò omi kọjá, ó gba orí ògiri balùwẹ̀, ó sì dúró sára igi àgbọn tí wọ́n gbìn sójú ilẹ̀ tí wọ́n rì ibi ọmọ tó bá Fabrice wáyé sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i.

Ilẹ̀ ìdí àgbọn náà jẹ́ tuntun.

Nourath pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Djamiou, tó ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù lọ́jà Sakété, àmọ́ tó wà ní Pobè láàárọ̀ yẹn. Ó ní, "Gbé alùpùpù rẹ wá. Má bi mí ní nǹkan kan." Ó mú ọkọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lára ògiri.

Ògúnṣínà ti jókòó sídìí àgbọn, ó gbé àdá lé orúnkún. Ó ní kí obìnrin yẹn gbé ọkọ́ sílẹ̀. Nourath gbé ọkọ́ sókè, ó ṣá ilẹ̀. Ògúnṣínà dìde, ó gbá a létí. Nourath ṣubú, ó dìde, ó tún ṣá a. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ètè rẹ̀ là, ẹ̀jẹ̀ kún àgbọ̀n rẹ̀ dé ọrùn, ó tún ṣá a. Nígbà kẹta, pẹlẹbẹ àdá ni ọkùnrin náà fi nà án lẹ́yìn, ìró rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn na aṣọ tútù mọ́ òkúta. Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà lórí orúnkún, ó ń fi ọwọ́ wa ilẹ̀ bí adìẹ.

Orí àwọn ará àdúgbò ti kún orí ọgbà. Ẹni kan ní obìnrin yẹn ti ya wèrè. Ẹni kejì ní àwọn ará Sakété ò ní ohun tí wọn kì í tà, ìfun ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ gbé lọ fún oníbàárà ní Kútọnu. Obìnrin kan tó ti Towé wá ra gàrí lọ́dọ̀ Berthe ní bó bá jẹ́ ọkọ òun ni, òun náà á wà á. Wọ́n ní kó panu mọ́, kì í ṣe ará ilé. Òórùn gàrí tó jóná ti gba gbogbo àdúgbò. Kò sẹ́ni tó fo ọgbà wọlé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni.

"Mo rí ihò iná wọn," ni Ògúnṣínà wí. Ó ń mí gúlegúle. "Lẹ́yìn ilé ìwòsàn yẹn. Mo gbé ike náà dé ibẹ̀, mo rí i, òwú, aṣọ ẹlẹ́jẹ̀, ohun tó dà bí ìka ẹsẹ̀ ènìyàn, gbogbo rẹ̀ ń jóná pọ̀. Kí wọ́n gbé ara àbúrò mi síbẹ̀ kó tó kú? Èmi tí bàbá mi fi í lé lọ́wọ́? Mo gbé e wálé. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni mo dá a padà sí. Ta ló burú nínú èmi àti àwọn tó lu ihò mẹ́rin sí i lára, tí wọn ò yọ nǹkan kan?"

Nourath dáwọ́ dúró. Ó gbójú sókè, ẹ̀jẹ̀ àti iyanrìn ti bò ó lẹ́nu.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "bí wọn ò bá yọ nǹkan kan, kí lẹ wá rì?"

Ògúnṣínà tàpá sí i ní ìhà.

Ẹsẹ̀ yẹn ni Djamiou bá lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Jàlàbíà funfun tó wọ̀ de ìrun Jímọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, kásíkì, akoto alùpùpù rẹ̀, ṣì wà lórí. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ kásíkì náà, ó sì là á mọ́ Ògúnṣínà láàárín ojú méjèèjì.

Wọ́n sọ ọ́ fún ọjọ́ púpọ̀ ní Pobè pé ọmọdé na àgbà lójú ìyá àgbà. Wọn kì í sọ pé àgbà náà fi eyín mú etí ọmọdé títí eyín fi pàdé eyín. Wọ́n yí gbirigbiri lọ bá ìkòkò omi, ìkòkò fọ́. Wọ́n yí padà, ògiri koríko balùwẹ̀ wó lé wọn lórí. Jàlàbíà funfun di pupa láti èjìká dé àyà. Djamiou gun ọkùnrin náà láyà, ó fún un lọ́rùn, ó ń bi í pẹ̀lú ẹkún pé kí ni ẹ̀gbọ́n òun ṣe fún wọn, pé ilé bàbá òun ni wọ́n ti wá tọrọ rẹ̀, ṣé ọmọ tí wọ́n tọrọ ni wọ́n ń nà bí ẹran. Ọwọ́ Ògúnṣínà ń wá àdá nínú ẹrẹ̀. Ó sì rí i.

Ìgbà yẹn gan-an ni èékánná Nourath kan ohun líle. Ó gbá iyanrìn dànù, ìdérí funfun yọ.

Ògúnṣínà rí i. Ó ta Djamiou nù kúrò lórí ara rẹ̀, ó gbé àdá sókè, ó sáré bọ̀. Kì í ṣe orí obìnrin ló gbé e sí, funfun yẹn ni. Ó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbà á gbọ́.

Fabrice ti wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn láti ìgbà díẹ̀. Ó ti fi ògiri rìn dé ibẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ikùn mú. Nígbà tí àdá ròkè, ó jọ̀wọ́ ògiri, ó sì ju gbogbo ara rẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lórí. Ìgúnpá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀ ọ́ níkùn. Àdá yẹ̀, ó bà létí ìdérí, ó sì há síbẹ̀.

Òórùn kan jáde láti inú ihò náà. Kì í ṣe òórùn òkú. Òórùn olóró kan ni, ó ń ta imú bí ata, ó ń ta ojú, ó gba orí ọgbà lọ bá àwọn ènìyàn, gbogbo ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ti ẹni tó fẹ́ àti ti ẹni tí kò fẹ́. Ògúnṣínà náà ń sunkún. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ó rí àbúrò rẹ̀ lórí ilẹ̀ tuntun náà, ó rí ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára ẹ̀wù, lábẹ́ ìdodo, níbi ìlà tó kéré jù lójú rẹ̀ láàárọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára àdá.

Ẹni tó kọ́kọ́ rìn ni Ọ̀ṣuntóyìn. Ó dé létí ihò, ó yọ àdá lára ìdérí, ó sọ ọ́ sẹ́yìn láìwo ibi tó bọ́ sí. Ó yẹ inú ike náà wò. Omi inú rẹ̀ ti dín dé ìdajì, ó ṣì bo ohun tó wà níbẹ̀. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi di ojú ibi tó là, ó fà á le, ó ta kókó sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Orí rẹ̀ funfun kalẹ̀ ní gbangba. Kò sẹ́ni tó tíì rí orí rẹ̀ ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ òkú ọkọ rẹ̀. Ó gbé ike náà fún Nourath. Ọwọ́ méjèèjì ni Nourath na, ọwọ́ méjèèjì náà ló fi gbà á.

Àmọ́ kò dìde. Ó gbé ike mọ́ àyà lápá kan, ó fi apá kejì gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ó ní òun ò ní fi í sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí Djamiou gbé àwọn méjèèjì. Djamiou ní alùpùpù kan ṣoṣo ni òun gbé wá, Kútọnu sì jìnnà, ọ̀nà ilé ìwòsàn Pobè níhìn-ín sì yàtọ̀ sí i.

Fabrice nu iyanrìn kúrò lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó ṣe é jẹ́jẹ́, bí ẹni pé àwọn méjèèjì nìkan ló wà láyé.

"Olólùfẹ́ mi," ló wí. "Èmi kọ́ ni kí o gbé. Èmi tó wà nínú ike ni kí o gbé."

"Bí o bá kú kí n tó dé ńkọ́?"

"Màá dúró dè ọ́. Ìgbà wo ni mo ti sọ pé n óò dúró dè ọ́ tí mi ò dúró?"

Nourath fi ètè tó là kò ó lẹ́nu, níwájú ìyá rẹ̀, níwájú gbogbo orí tó wà lórí ọgbà, ohun tí ìyàwó ilé kì í ṣe ní àdúgbò yẹn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dúró sí ètè ọkọ rẹ̀. Ó dìde. Djamiou ti fi jàlàbíà nu etí, ó ti tẹ alùpùpù. Nourath gùn ún, ó gbé ike náà sí àárín itan, ó fi ìborùn pọ̀n ọ́n mọ́ ikùn ara rẹ̀ bí aboyún. Àwọn ènìyàn là sí méjì fún wọn lójú ọ̀nà. Obìnrin ará Towé nìkan ló kí wọn pé kí ọ̀nà là.

Ògúnṣínà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ pọn ọmọ. Imú rẹ̀ ti yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ibẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fabrice wo ẹ̀yìn yẹn pẹ́. Ẹ̀yìn tó pọ̀n ọ́n kọjá odò nígbà èwe ni. Lẹ́yìn náà ló fi apá kọ́ ọ lọ́rùn. Pacôme tì wọ́n lẹ́yìn títí wọ́n fi dé ojú títì, tí sémìjàn, alùpùpù akérò kan, fi gbé wọn, òun náà sì gun òmíràn tẹ̀ lé wọn.

Ilé ṣófo. Ọ̀ṣuntóyìn kó ẹ̀gẹ́ tó ti bó sínú omi. Ó gbá dígí, ó nu ògì kúrò lára àwòrán, ó gbé e padà kọ́. Ó wá mú ọkọ́, ó lọ dúró síwájú ihò.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́rin, Berthe gbé gàrí tí kò jóná púpọ̀ wá fún un nínú abọ́, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ láàárọ̀. Ó ní kí Ìyá dí ihò yìí. Ó ní ilẹ̀ tó bá ya ẹnu sílẹ̀ sẹ́yìn ilé, ẹnìkan ló ń dè.

"Èmi náà rí i," ni Ọ̀ṣuntóyìn wí. Ó gba gàrí. Kò dí ihò.

Pacôme ló kọ́kọ́ pè. Ó ní awọ òde nìkan ló ya, wọ́n ti rán an, ìfun inú dúró gbọnyin, Fabrice ti mu omi. Ó ní Ògúnṣínà kọ̀ kí wọ́n tọ́jú imú rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lábẹ́ fèrèsé yàrá náà níta, wọ́n gbé búrẹ́dì fún un, kò jẹ ẹ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Nourath pè. Ìyá gbé pọ́táábù ara rẹ̀ mọ́ etí, kò lè tẹ̀ ẹ́ kí ó sọ síta, òun nìkan ló gbọ́. Nourath ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kí wọ́n tilẹ̀kùn nígbà tí àwọn dé. Ó ní ọkùnrin lábò náà wo gèlè, ó wo ẹnu òun, kò béèrè nǹkan kan. Ó ṣí i, ó wò ó, ó ní ó ṣe é kà. Ó ti kọ orúkọ Fabrice sínú ìwé, ó ti lẹ nọ́ńbà mọ́ ike. Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó ní kí wọ́n padà wá gbọ́ iye kókó tó wà níbẹ̀ àti èyí tó mọ́ àti èyí tí kò mọ́.

Ọ̀ṣuntóyìn ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Títí di ọjọ́ yẹn, aya wa ló máa ń pè é.

Ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ iyanrìn sínú ihò. Ó wọ́ ọ títí ó fi dé ìdajì. Ó dúró níbẹ̀, ó mí, ó sì fi ọkọ́ dábùú ẹnu rẹ̀. Dídí ìyókù di ọjọ́ tí wọ́n bá ka àwọn kókó náà tán.